Àwọn àjèjì ya bò wá lórí fọ́tò ẹbí wa: ṣé kí a dá wọn lóhùn ni àbí ká dákẹ́?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ mẹ́fà ni Olúwa fi ta èmi àti bàbá wọn lọ́rẹ. Ilé la ti ń kọ́ wọn níwèé. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wa: bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, a ó pa gbogbo fóònù, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ká tó tún tàn wọ́n. Mo gbé fọ́tò gbogbo wa sórí Facebook lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ń lọ sínú ìsinmi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo fi máa tan fóònù, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ti gbé e lọ sójú ewé tirẹ̀, ó ní kí ayé wá wo àwọn tó ń bímọ bí ehoro, tí wọ́n tún ti ọmọ mọ́lé. Ni wọ́n bá ya bò wá. Àwọn kan ní ọkọ mi ń fi ẹ̀sìn dè mí mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń wá ilé irú wa rí, pé wọ́n máa kó àwọn ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ wa. Nítorí pé n kò fèsì látàárọ̀, wọ́n ní mi ò rí nǹkan sọ ni. Bẹ́ẹ̀ fóònù ni mo pa!

Bàbá wọn fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti àkọ́bí wa, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá. Ó ti ka gbogbo rẹ̀. Mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà níbi tó ti ń fi orúkọ mìíràn bú wọn padà: "Ìwọ lo ń bá wọn bọ́ wa ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà ń gbọ̀n mí. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ bulọ́ọ̀kì gbogbo wọn, kí ẹ sì lọ sùn. Ta ni wọ́n?

Àjàní Kọ̀ǹpútà:
Ẹ má tíì bulọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni, mà. Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ, pàápàá ti ẹni tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń wá ilé yín rí. Kí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti líǹkì hàn níbẹ̀. Ìhàlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èébú lásán. Bí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa mú lọ bá ọlọ́pàá tó bá di dandan. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Facebook.

Ẹ tún wò ó dáadáa: ṣé ẹni yẹn tẹ Share ni, àbí ó gba fọ́tò náà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kó tó tún un gbé síta? Tó bá jẹ́ Share ni, ẹ kàn yí i padà kó jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ló lè rí i, á sì pòórá lójú àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ pé ó gbà á sílẹ̀ ni, ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹjọ́ ló kù láti fi sùn. Bí ó bá dé orí Google, láti 2021 ni wọ́n ti ń gbà kí òbí béèrè pé kí wọ́n yọ fọ́tò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò nínú èsì ìwákiri wọn. Kò ní kúrò lójú ewé tó wà o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá a kò ní tètè kàn án.

Ti bàbá: ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì kọ̀ọ̀kan ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú ojú àwọn mìíràn ni. Lọ́dún 2017, àmì ojú ìbínú kan tí èèyàn bá tẹ̀ lórí Facebook tó Like márùn-ún nínú ìṣirò ohun tí wọ́n máa gbé síwájú àwọn èèyàn. Ó di 2020 kí wọ́n tó sọ ọ́ di òdo. Ìjà ń tà lọ́jà wọn.

Àǹtí Wúrà:
Èmi máa sọ èyí tí kò ní dùn létí. Ẹ̀sìn wa kì í ṣe ọ̀kan náà, n kì í sì í pa fóònù mi fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo àwọn tó kọ̀wé ló bú yín? Ẹ lọ tún un kà. Ẹni tó bú yín yàtọ̀ sí ẹni tó bi yín ní ìbéèrè.

Ẹ tún wo Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989. Abala kẹrìnlá ní kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ òbí láti tọ́ ọmọ sọ́nà nínú ìgbàgbọ́, nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọmọ yín lẹ́sìn kò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n abala yẹn náà ló ní kó bá bí òye ọmọ ṣe ń dàgbà mu. Abala kẹrìndínlógún sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Ṣé ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn kí ẹ tó gbé ojú rẹ̀ síta?

Bàbá Ìbejì:
Àǹtí Wúrà, ẹni tí wọ́n ń lù lẹ tún ń dá lẹ́jọ́.

Àǹtí Wúrà:
Ó béèrè ìmọ̀ràn ni, kò béèrè ìpẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, Bàbá Ìbejì. Mo ti tún un kà. Obìnrin kan béèrè pé, "Ìyá náà ńkọ́, ṣé òun náà máa ń sinmi lọ́jọ́ ìsinmi yìí?" Èmi pẹ̀lú máa béèrè bẹ́ẹ̀ tí mo bá rí ọmọ mẹ́fà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo máa dá a lóhùn: iṣẹ́ ilé ti máa ń parí kí oòrùn tó wọ̀, bàbá wọn ló sì ń fọ abọ́.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́. Àwọn àjèjì yẹn á rí ẹlòmíràn bú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ má nà án, ẹ má sì yìn ín. Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, John Suler, kọ̀wé lọ́dún 2004 lórí bí ìjánu ẹnu èèyàn ṣe ń tú tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀, tí òun náà kò sì rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó tú ẹnu àwọn yẹn náà ló tú ẹnu ọmọ yín. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé èwo nínú ohun tí wọ́n kọ ló dùn ún jù. Kí ẹ wá bi í pé èwo ló rò pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ló le. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń ṣe kàyéfì lórí ìdí tí ẹ fi ń kọ́ ọ nílé, tí kò rẹ́nu sọ ọ́ fún yín. Kó gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu yín. Kó má jẹ́ pé ẹnu ẹni tó pè é ní ọmọ ehoro ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Akọ̀wé:
Mà, ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí àwọn tó ń kà á láìsọ̀rọ̀, kì í ṣe nítorí àwọn tó ń pariwo. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wa. Ara wọn le, wọ́n ń kàwé. Bí a ṣe ń gbé ilé wa àti bí a ṣe ń sin Ọlọ́run, èmi àti ọkọ mi la jọ fẹnu kò lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ bi wá ní nǹkan, kó kọ̀wé sí wa ní kọ̀rọ̀. A ò ní fèsì sí èébú."

Lẹ́yìn náà, kí ẹ ti àyè kọ́méǹtì pa.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà:
Ó dára gan-an. Bàbá wọn ní ká fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ kún un, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ tí a kọ́ nílé mọ̀wé.

Akọ̀wé:
Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá fi èsì ti ọdún yìí hàn wọ́n, wọ́n á ní kí ẹ mú ti èṣí wá. Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ìṣirò kò yé nínú wọn?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà:
Bàbá wọn rí i kà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbà. A ti ya àwòrán ti ẹni tó halẹ̀, a ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn, èsì náà sì ti wà lókè. Share ni ẹni yẹn tẹ̀, nítorí náà fọ́tò náà ti kúrò lójú ewé rẹ̀. Ọmọ náà ní kí n má gbé ojú òun síta mọ́ láìbi òun. Mo gbà fún un. Ti ìbéèrè kejì yẹn, Tíṣà, ó ní òun ṣì ń rò ó.

Àjàní Kọ̀ǹpútà:
Àkáǹtì tó fi orúkọ mìíràn ṣí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, kí ẹ jókòó tì í. Kó má lo páásíwọ́ọ̀dù yẹn níbòmíràn mọ́.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́fà:
Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù. A ń yí gbogbo rẹ̀ padà lálẹ́ yìí.