Ìwakúwa kọ́, àṣejù ni

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá ló bi wá léèrè orúkọ tó yẹ ká máa pe ìwà kan ní Yorùbá, ìyẹn ìwà tí NASCAR, àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń torí rẹ̀ fìyà jẹ awakọ̀ tó bá fi ipá bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò lórí pápá. Àwọn kan dáhùn pé "eré àsápajúdé" ni. Àwọn mìíràn ní "ìwakúwa". Ẹnì kan tiẹ̀ ní "ìwakọ̀ jàgídíjàgan". Agbègbè Charlotte ni mò ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré náà fi ṣe ibùjókòó, mo sì máa ń gbọ́ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi: kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ fìyà jẹni mu.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni "eré àsápajúdé". Rédíò ló gbé e wọ ilé wa, gbogbo ìgbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn la sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní pápá Daytona tàbí ti Talladega, bí àwọn ọkọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sá ju máìlì 180 lọ ní wákàtí kan. NASCAR tiẹ̀ ní ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Èyí tí kò bá lè sá tó bẹ́ẹ̀, àsíá dúdú ni wọ́n máa fi lé e kúrò. Níbi tí wọ́n ti ń lé ẹni tó ń rọra lọ, báwo la ṣe fẹ́ fi àsápajúdé sọ ẹ̀ṣẹ̀ lórúkọ?

"Ìwakúwa" sún mọ́ ọn díẹ̀, ó sì dùn létí. Àmọ́ ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ. Ẹni tó bá ń ṣe wọ́n, a gbà pé kò mọ ohun tó ń ṣe, tàbí pé bó ṣe ń ṣe é kò jẹ ẹ́ lógún. Àwọn tí wọ́n fìyà jẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ rárá. Jeff Gordon, tó gba ife-ẹ̀yẹ ọdún lẹ́ẹ̀mẹrin, wà nínú wọn: ní Phoenix lọ́dún 2012, ó rọra dúró de Clint Bowyer, ó sì fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Owó ìtanràn 100,000 dọ́là ló san, wọ́n sì yọ póìǹtì 25 nínú tiẹ̀. Matt Kenseth tó gba ife lọ́dún 2003 wà níbẹ̀. Chase Elliott tó gbà á lọ́dún 2020 wà níbẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n nídìí iṣẹ́ náà. Kéèyàn lè fi imú ọkọ̀ kan igun kékeré kan lára ọkọ̀ ẹlòmíràn lórí irú eré yẹn, ó gba ojú àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́.

Ní ti jàgídíjàgan, ìjà ìgboro ló ń mú wá síni lọ́kàn. Nígbà tí Cale Yarborough àti Donnie Allison fọ́ ọkọ̀ ara wọn ní ìyípo ìkẹyìn ìdíje Daytona 500 lọ́dún 1979, tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, tí Bobby Allison dé bá wọn, tí ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí koríko, jàgídíjàgan nìyẹn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ là ń wá orúkọ fún.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tá a fò kọjá ni "àṣejù". Ẹ rò ó wò. A kì í pe olè jíjà ní àṣejù, a kì í sì í sọ pé apànìyàn ti ṣe tiẹ̀ jù. Ohun tó bá dára ní ìwọ̀nba nìkan ni àṣejù máa ń wọ̀: àwàdà, ìfẹ́, oúnjẹ, bíbá ọmọ wí. Bí eré NASCAR ṣe rí gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí Bill France ti dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1948 ni fífara kanra ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó wà níwájú bá ń dínà, ẹni ẹ̀yìn lè fi imú ọkọ̀ taari rẹ̀ díẹ̀, kó sún un sókè síhà ògiri, kó sì gba abẹ́ rẹ̀, ìyẹn apá inú pápá, kọjá. Kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ẹ́. Àwọn òǹwòran á tiẹ̀ dìde pàtẹ́wọ́. Títaari kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó kọjá àyè lẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ tó bá ti ka gbogbo rẹ̀ sí ibi láti ìpìlẹ̀, bí ìwakúwa àti jàgídíjàgan ti ṣe, kò ní jẹ́ kí òǹkàwé mọ ìdí tí ẹnì kan fi taari tó gbàyìn, tí ẹlòmíràn taari tó gba ìyà.

Nọ́ńbà ọkọ̀ kan ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ní Bristol, oṣù kẹjọ ọdún 1999, Dale Earnhardt, tí ìnagijẹ rẹ̀ túmọ̀ sí Adẹ́rùbani, fi ọkọ̀ nọ́ńbà 3 kan ìdí ọkọ̀ Terry Labonte ní ìyípo ìkẹyìn. Labonte yí bírí, Earnhardt kọjá, ó gba ife. Ó ní òun ò ní in lọ́kàn láti yí i dànù, pé òun kàn fẹ́ mì í jìgì ni. Àwọn èrò fi ariwo ìbínú bò ó, ṣùgbọ́n NASCAR ò fọwọ́ kan ife náà, wọn ò sì fìyà jẹ ẹ́. Ọdún 25 lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹjọ kan náà, ní Richmond, ọkọ̀ nọ́ńbà 3 ti Richard Childress, ọ̀gá Earnhardt ìjọ́sí, wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Childress, Austin Dillon. Ní kọ́nà kẹta ìyípo ìkẹyìn, ó ti Joey Logano dànù. Kí wọ́n tó jáde ní kọ́nà kẹrin, ó ti kan Denny Hamlin ní igun ìdí ọ̀tún, Hamlin forí sọ ògiri, Dillon gba ife. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, NASCAR kéde pé ife náà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní torí rẹ̀ wọ ìpele àṣekágbá, wọ́n sì yọ póìǹtì 25. Wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àṣekágbá ò padà bọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé àjọ náà ni pé eré líle ló gbé eré àwọn ró, àmọ́ ààlà wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ: àṣejù ni wọ́n ń ṣàlàyé yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní àṣejù ti rọ̀ jù fún ohun tí Kenseth ṣe. Òótọ́ ni. Ní Kansas, oṣù kẹwàá ọdún 2015, Logano yí Kenseth bírí nígbà tí Kenseth ń ṣíwájú, tí ìyípo tó kù ò sì tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ní Martinsville, Kenseth tó ti kù sẹ́yìn pátápátá, tí kò ní ipò kankan tó ń lé mọ́, gbá Logano tó wà níwájú lọ sínú ògiri. Ìforóyáró pọ́ńbélé nìyẹn, àwọn àgbà sì ti sọ pé òun ni kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀. Ìdíje méjì ni wọ́n ní kó fi rọ́ọ́kún nílé. Eléyìí ti jáde lábẹ́ àṣejù, torí kì í ṣe pé ó ń du nǹkan tó wá ṣe é kọjá ìwọ̀n. Fún irú rẹ̀ ni mo ṣe dábàá "ìmọ̀ọ́mọ̀kọlù".

Kò sì sí ibi tí "mọ̀ọ́mọ̀" ti wúlò tó ibi ọ̀ràn Hamlin. Ní Phoenix, oṣù kẹta ọdún 2023, òun àti Ross Chastain jọ lọ sára ògiri. Ìdíje parí, kò sí ìyà. Àfi ìgbà tí Hamlin bọ́ sórí ètò pọ́díkáàsì ara rẹ̀ tó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹnu ló kó bá a: 50,000 dọ́là àti póìǹtì 25. Fídíò kò yí padà, ògiri kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ló kúrò lórí ṣèèṣì tó bọ́ sórí mọ̀ọ́mọ̀.

Ibì kan wà tí a ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń yí sí lórí pápá roboto, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ògiri wà. Bí imú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bá kan igun ìdí ọkọ̀ iwájú lápá ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ náà á ṣí lọ sósì, imú rẹ̀ á yà sọ́tùn-ún, á sì forí sọ ògiri gbàgà láìsí àyè láti tẹ bíréèkì. Bó bá jẹ́ igun òsì ni, inú koríko ló sábà máa ń yí lọ. Èyí ló fà á tí ọwọ́ NASCAR fi le lórí ti apá ọ̀tún: Bubba Wallace ṣe é fún Kyle Larson ní Las Vegas lọ́dún 2022, Elliott ṣe é fún Hamlin ní Charlotte lọ́dún 2023, kálukú wọn sì fi ìdíje kan jókòó sílé. Mo pè é ní "ìkọ́nídìí". Bí ìgbà tí oníjàkadì bá kọ́ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀ ló rí, àfi pé ìdí ọkọ̀ ni wọ́n kọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ ká túmọ̀ rẹ̀ sí "ìgbálù" lásán, torí orúkọ ìwà yìí nìkan tó láti mú kí wọ́n pe awakọ̀ lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ìyà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: lọ́dún 2025, Austin Cindric kọ́ Ty Dillon nídìí ní Austin, Texas, lórí pápá oníkọ́rọkọ̀rọ tí eré rẹ̀ kò tó ti roboto, 50,000 dọ́là àti póìǹtì 50 ló fi tán an, wọn ò ní kó jókòó sílé.

Orúkọ àwọn ìyà náà kò le. Owó ìtanràn ti wà. Rírọ́ọ́kún nílé, gbogbo ìwé ìròyìn ló ń lò ó. Èyí tí wọ́n fi ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún Kyle Busch ní Texas lọ́dún 2011 lẹ́yìn tó gbá Ron Hornaday sínú ògiri nígbà tí àsíá yẹ́lò, èyí tó ní kí gbogbo ọkọ̀ rọra, wà níta, ẹ jẹ́ ká sọ pé "wọ́n ní kó lọ páàkì". Ọ̀rọ̀ ojú títì wa ni, ó sì bá a mu láìṣẹ́kù. Fún ẹni tó ń dúró lókè pápá tó ń fi rédíò sọ ohun tó ń bọ̀ fún awakọ̀, "alóre" ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà láti ibi gíga. Alóre Austin Dillon náà jẹ nínú ìyà Richmond, nítorí pé ó pariwo sí i létí pé kó fọ́ ẹni iwájú.

Èyí tó kù ni àkọlé inú ìwé òfin wọn tí gbogbo ìyà wọ̀nyí ń jáde láti abẹ́ rẹ̀, "actions detrimental" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ń tẹ̀ sí "ìwà tó ń pa eré lára". Àwọn méjì kan nínú wa fẹ́ "ìwà tó ń tàbùkù eré". Àbùkù jẹ́ ti orúkọ, ìpalára jẹ́ ti ara àti ti orúkọ pọ̀, níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ara àwọn awakọ̀ ló ń lu ògiri, mi ò rí bí àbùkù ṣe máa gbà á tán. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ̀wọ́ sọ ìdí tiyín ká gbọ́.