Èsì: “Ogunléndé ojú-ọjọ́” kò tọ̀nà, -dé inú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Mo ti ka àkópọ̀ tí àbúrò wa ṣe nípa ìjíròrò àwọn onímọ̀ àjọṣe orílẹ̀-èdè, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí ogun, lórí òkun tó ń kún, àti lórí àwọn tó ń fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, inú mi sì dùn pé èdè Yorùbá ló fi ṣe é. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, “ogunléndé ojú-ọjọ́” ló ń pe àwọn tí ìyípadà ojú-ọjọ́ ń lé kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà “ti wọlé tán,” pé ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀gbọ́n, kò tíì wọlé o. Ẹnu ọ̀nà ló ṣì wà, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ogun, lé, ni, dé. Odidi gbólóhùn la sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ: ogun lé èèyàn títí ó fi dé. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí à ń gbójú fò ni -dé. Ta ló ń sọ -dé? Onílé ni. Ẹni tó wà ní ìlú tirẹ̀, tó rí àjèjì tó gbẹ́rù karí, òun ló lè sọ pé ogun ló lé eléyìí dé. Ẹni tó ṣì ń sá lọ lójú ọ̀nà kò lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò tíì débì kan. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ohun tó lé ni, ẹni tí a lé, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó dé sí. Bí a bá yọ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mìíràn la ń sọ.

Ẹ wá wo bó ṣe bá òfin àgbáyé mu. Àdéhùn lórí ogunléndé tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1951 sọ pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó sì ń bẹ̀rù inúnibíni nítorí ìran rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà láwùjọ tàbí èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú, òun ni kí a dáàbò bò. Ó gbọ́dọ̀ ti kọjá ẹnubodè. -Dé nìyẹn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ṣe tiwọn ní Addis Ababa lọ́dún 1969, wọ́n fi ẹni tó sá nítorí pé àwọn ará òde kọlu ìlú rẹ̀ kún un, àti ẹni tó sá nítorí pé àjèjì gba ilẹ̀ wọn, tàbí nítorí rògbòdìyàn tó da ìlú rú. Ogun gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ní kí n mú àdéhùn tó sún mọ́ ogunléndé ti àwọn baba wa jù lọ, ti 1969 ni màá mú, kì í ṣe ti Geneva. Nínú méjèèjì, wọn kò dárúkọ òkun, wọn kò dárúkọ ọ̀dá.

Ìdí tí inú fi ń bí mi rèé. Ioane Teitiota, ọmọ Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan lórí òkun Pàsífíìkì, gbé ọ̀ràn yìí lọ sílé ẹjọ́ ní New Zealand. Ó ní òkun ń jẹ ilẹ̀ àwọn, ó sì ń ba omi mímu jẹ́, kí wọ́n gba òun lábẹ́ àdéhùn 1951. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ kọ̀ lọ́dún 2015, wọ́n sì dá a padà sí Kiribati lọ́dún náà. Ó gbé e lọ bá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Nígbà tí ìpinnu wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n ní New Zealand kò rú òfin nínú ọ̀ràn tirẹ̀, àmọ́ wọ́n fi kún un pé ọjọ́ lè dé tí dídá èèyàn padà sí ibi tí ojú-ọjọ́ ti bà jẹ́ yóò tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti wà láàyè lójú. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ àbúrò wa túmọ̀ ìdájọ́ àkọ́kọ́ yẹn: “Ilé ẹjọ́ ní ogunléndé ojú-ọjọ́ kì í ṣe ogunléndé.” Ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé àwọn adájọ́ ló ń ta ko ara wọn. Rárá o. Àwa tí a túmọ̀ la fún ọkùnrin náà ní orúkọ tí òfin kò fún un, tí ó sì ti torí rẹ̀ rojọ́ títí wọ́n fi dá a padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ogun kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Wọ́n mú àwọn ajogun wá: ikú, àrùn, òfò, ẹ̀gbà. Wọ́n ní gbogbo wọn ló ń bá ọmọ aráyé jagun, kí ló wá ṣe òkun tí kò lè bá wọn tò? Èyí ni àlàyé tó lágbára jù lọ tí mo tíì kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ẹni tí àrùn pa ọmọ rẹ̀, tó torí ìbànújẹ́ kó kúrò ní ìlú, ta ló pè é ní ogunléndé rí? Ẹni tí òfò bá, tó ta ilé, tó lọ ń gbé níbòmíràn ńkọ́? A ní ogun ayé, a ní ogun ìdílé, a sì ń gbàdúrà ìṣẹ́gun lé wọn lórí, àmọ́ àfiwé ni gbogbo wọn. Ogun inú ogunléndé kì í ṣe àfiwé. Ogun tó ń jó ilé ni, tó ń kó èèyàn lẹ́rú, tó ní balógun. Ó ní ẹni tí a lè na ìka sí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sun èédú àti epo rọ̀bì ni balógun òkun. Mo gbà pé ọrùn wọn ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn fúnra wọn ṣe ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Nínú ìpinnu tí wọ́n fi gba àdéhùn Paris lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ wọlé lọ́dún 2015, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé abala kẹjọ, tó sọ̀rọ̀ nípa àdánù, kò lè jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ẹ̀bi tàbí owó gbà-má-bínú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, wọ́n sì fi gbogbo agbára jà fún un. Bí àwọn bá ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣọ́ èdè tiwọn, kí ló dé tí àwa yóò máa da tiwa sílẹ̀ bó ṣe wá sẹ́nu?

Àwọn tí ọ̀ràn kàn gan-an pàápàá kò fẹ́ orúkọ náà. Anote Tong, tó jẹ́ ààrẹ Kiribati láti 2003 títí di 2016, kọ̀ ọ́. Ohun tó ń wí ni pé bí àwọn èèyàn òun yóò bá ṣí lọ, kí wọ́n lọ pẹ̀lú iyì àti iṣẹ́ lọ́wọ́. Àdéhùn tí Tuvalu, erékùṣù mìíràn lórí òkun kan náà, àti Australia fọwọ́ sí lọ́dún 2023, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, ń jẹ́ kí èèyàn tó tó 280 láti Tuvalu lè lọ máa gbé ní Australia lọ́dọọdún. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ, tó dágbére fún àwọn ará rẹ̀, tó mọ ibi tó ń lọ, ta ló lé e dé?

Ibòmíràn tí -dé ti kọ̀ jálẹ̀ ni ti àwọn tí kò kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn rárá, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí àgbàrá àti ìjì ń lé. Àdéhùn Kampala tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lọ́dún 2009 dárúkọ wọn, ó dárúkọ ìyípadà ojú-ọjọ́ pẹ̀lú, ó sì gbé ìtọ́jú wọn lé ìjọba tiwọn lọ́wọ́. Bí a bá pe àwọn wọ̀nyí àti àwọn ti 1951 ní orúkọ kan náà, a ti pa ìyàtọ̀ tí gbogbo òfin yẹn dúró lé lórí rẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá àṣínípò fún ẹni tí a ṣí nípò, ì báà jẹ́ òkun, ọ̀dá tàbí iná ló ṣí i. Àbúrò kan dá mi lóhùn, ó ní òun fara mọ́ ọn, ó wá kọ ọ́ ní “aṣínípò” láti òkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́! Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Àgbàtọ́ ni ọmọ tí a gbà tọ́. Àtẹ̀jáde ni ohun tí a tẹ̀ jáde. Apẹja ní tirẹ̀, tí a- rẹ̀ jẹ́ ohùn àárín, òun ló ń pa ẹja. Ẹni tó bá kọ aṣínípò ti sọ ẹni tí òkun gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ di ẹni tó ń gba ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn olóṣèlú tó kórìíra àjèjì ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa wọn lójoojúmọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn bá wọn sọ ọ́.

“Omíléndé” tí ẹlòmíràn mú wá kò ràn wá lọ́wọ́. Omíyalé tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ ni, etí yóò sì so méjèèjì pọ̀. -Dé ṣì wà nídìí rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá tún fẹ́ sọ ti ọ̀dá, ṣé ọ̀dáléndé la ó tún dá sílẹ̀?

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tún ní mo ń ṣi ogunléndé kọ, pé ogúnléndé ló yẹ kí n kọ, nítorí ohùn òkè tó máa ń bọ́ sí ìparí olùwà. Mo mọ òfin náà, mo ti fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ogún ti ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, ti òǹkà àti ti ohun tí òkú fi sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí òǹkàwé kọsẹ̀ níbẹ̀. Kí àwọn onímọ̀ ìró bá wa dá sí i. Ní tèmi, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni màá ṣì máa kọ ọ́.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tó bá dúró nínú gbólóhùn mẹ́ta: kí ẹni náà fi pe ara rẹ̀, ká fi pè é lójú rẹ̀, ká fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. “Àṣínípò ni mí.” “Ẹ̀yin àṣínípò.” “Àwọn àṣínípò tó wà ní erékùṣù yẹn.” Ó dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yálà ẹni náà ti kúrò nílùú rẹ̀ tàbí ó ṣì wà níbẹ̀. Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń tán, a sì ń rí i nínú ohun tí à ń kọ.

Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe nínú àkópọ̀ yín kí àwọn oníròyìn tó gbé e lọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ní ó ti wọlé tán, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ wá ibi tí àgbà kan ti pe ẹni tí omi lé ní ogunléndé, tí ogun kankan kò sì sí nínú ìtàn náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.