Omi mọ́ínmọ́ín àti epo inú kẹ́ẹ̀gì: báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n níbi tẹ́ ẹ wà?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ní tí n bá lọ ẹ̀wà kílò kan kí n fi omi kọ́ọ̀pù márùn-ún sí i, àmọ́ kọ́ọ̀pù tèmi níbí 250 ml ni wọ́n kọ sí i lára, ṣé bákan náà ni? Epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì tún wà, tí n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí gbọlọ-gbọlọ ló ń dà, ó ń ta sí gbogbo sítóòfù.

Bọ̀dá Wálé (Maryland): Ẹ káàárọ̀ mà. Tiwa ò tó tiyín, bíi 237 ml ni. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀pù kan náà lẹ fi wọn ẹ̀wà, tẹ́ ẹ tún fi wọn omi, kò sí wàhálà, àmọ́ kílò ni wọ́n fi wọn ẹ̀wà yẹn, ẹ fi 13 ml dín in lórí kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Páìǹtì ló le jù: tiwa 473 ml, tiyín 568 ml. Ẹ ní kí wọ́n máa fi ml kọ ọ́ fún yín.

Àǹtí Bísí (Peckham): Síkéèlì lèmi ń lò o, torí giráàmù kan ni ml omi kan. Ẹ má fi ṣe ti òróró ṣá, òróró fúyẹ́ ju omi lọ, lítà kan ẹ̀ ò pé kílò. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, iye yòówù kí wọ́n pè, ẹ má da gbogbo omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wà tó sùn sómi mọ́jú ti mu omi ju èyí tẹ́ ẹ rẹ fún wákàtí kan lọ, tàtàṣé pẹ̀lú àlùbọ́sà náà sì ní omi tiwọn nínú. Ẹ dá kọ́ọ̀pù kan ààbọ̀ dúró, ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, tó bá ti ń ṣàn geere látojú ṣíbí láì rí bí omi, ó tó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Toronto): Kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ yí i kí ẹnu ẹ̀ wà lápá òkè kẹ́ ẹ tó rọra tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á máa ráyè wọlé bí epo ṣe ń jáde. Ohun tá a ṣe ń lu ihò méjì sí agolo mílíìkì nílé náà nìyẹn. Tó bá ti dì nítorí òtútù, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá fi àrọ dà á sí ìgò kékeré.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Omi ẹran tí mo fẹ́ fi sí i ńkọ́?

Àǹtí Bísí: Inú kọ́ọ̀pù márùn-ún yẹn náà ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́ mà. Tẹ́ ẹ bá máa po ẹyin tútù mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí omi ẹran yẹn tutù díẹ̀, kó má lọ se ẹyin yẹn.