Ṣé àyànmọ́ ni ká pàdé ká má fẹ́ra? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́): Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò sùn láti ìjẹta. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ọkùnrin yìí ti ń bá ara wa bọ̀. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Tákíè, ìyá mi ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ni ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká mú èsì jẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún, wá kí wọ́n tó kéde wa. Èmi AS, mo ti mọ̀ tipẹ́. Òun, AA ló wà lórí káàdì rẹ̀ láti ìgbà tó wọ poli, ìyẹn ni ọkàn mi fi balẹ̀. Àfi bí èsì tuntun ṣe dé: AS bíi tèmi! AS méjì tó bá fẹ́ra lè bí ọmọ SS, aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó kọ káàdì àkọ́kọ́ yẹn ti ba ayé mi jẹ́. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi tó ti ń sọ látọjọ́ pé orí mi kò bá ti ọmọ òun mu, á wá máa yọ̀ mí. Ìyàwó pásítọ̀ fọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe yàn án nìyẹn. Mo ti fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àyànmọ́ ló pàdé wa, kí ló dé tí àyànmọ́ kan náà tún ń yà wá?

Ìyá Tóbi: Ọdún mẹ́rin! Káàdì poli lo wá fọkàn tán. Láti oṣù àkọ́kọ́ ló yẹ kí ẹ ti jọ dé láàbù, láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàápàá. Ìgbà tí aṣọ ẹbí ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kọ́ ni wọ́n ń bi ẹ̀jẹ̀ lórúkọ.

Bàbá Àlàó: Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Àyànmọ́ ò gbóògùn. AS méjì tó fẹ́ra tí ara ọmọ wọn le wà káàkiri ìlú yìí. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó máa jẹ́ SS. Ẹ bí mẹ́ta, kí ẹ dúró.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyẹn. SS kò dúró de ẹ̀yìn mẹ́ta. Ẹ mú kọ́bọ̀ méjì, ẹ sọ wọ́n sókè: ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni méjèèjì máa ń dojú dé. Bí ẹ bá tún wọn sọ, kọ́bọ̀ kò rántí bó ṣe balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni oyún kọ̀ọ̀kan: ìdá 25 nínú 100 fún SS, 50 fún AS, 25 fún AA. Àkọ́bí lè jẹ́ SS, kí èkejì náà tún jẹ́ ẹ. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á sì máa dá ṣáṣá nígbà ìkókó, torí irú ẹ̀jẹ̀ tó bá a jáde láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Bó bá tó bí oṣù mẹ́fà tí ìyẹn ń tán lọ, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú bí àkàrà inú epo, á máa han bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Irú wọn wà nínú àwọn tí wọ́n ń sọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ láyé àtijọ́.

Àdùkẹ́, ọmọ mi, dá mi lóhùn. Ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà? Báwo ni wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí?

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun mà. Ìyá Tóbi, ẹ má bú mi, èmi kọ́ ni mo kọ AA sórí káàdì. Àwọn ẹbí ìyá mi ní Ọ̀yọ́ ti sanwó aṣọ tán. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?

Awo Ọ̀yọ́: Orí tí a ń pariwo yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà. Nínú odù Ifá Ogbè-Ògúndá, ẹni mẹ́ta ló ń lọ sílé Àjàlá tó ń mọ orí: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Afùwàpẹ́ nìkan ló yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rú owó àti iyọ̀, owó àti iyọ̀ yẹn ló sì wúlò fún un dé ilé Àjàlá tó fi rí orí tó jinná mú. Àwọn méjì yòókù kò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n mú orí tí kò jinná, òjò pa á lọ́nà, ó ń ya dànù. Ilé Àjàlá kan náà ni gbogbo wọn lọ o. Àwọn àgbà wa tó ń rán alárinà lọ wádìí bóyá wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nídìílé, láàbù tiwọn nìyẹn.

Bàbá Àlàó: Àkúnlẹ̀yàn nìkan kọ́ ló wà. Àkúnlẹ̀gbà ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ tí bàbá àti ìyá fún ọmọ, ta ló yàn án?

Awo Ọ̀yọ́: Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, àkúnlẹ̀gbà ni ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí a ó bá bímọ ni a ń yàn.

Ìyá Tóbi: Kí ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ sí gbogbo èyí?

Àdùkẹ́: Kò tíì mọ̀. Èmi ni mo lọ gba èsì àwa méjèèjì. Mo kàn sọ fún un pé mi ò ṣe mọ́, mo búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó bẹ̀ mí, torí bó bá bẹ̀ mí, màá gbà. Ó wá ń sọ káàkiri pé nítorí ẹsẹ̀ òun ni mo ṣe sá. Ọlọ́run mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Ẹsẹ̀ wo?

Àdùkẹ́: Ó ní jàǹbá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọjọ́ 9 oṣù kejì. Egungun itan rẹ̀ kán, wọ́n fi irin sí i. Páìntì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára, èyí tó kẹ́yìn wọlé lọ́jọ́ 11. Èmi ni mo dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pàápàá wà lára àwọn tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ wo bí ilé wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Akin Láàbù: Ẹ dúró ná. Ọjọ́ wo ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún èsì ti ṣọ́ọ̀ṣì? Kí sì ni jẹ́nótáìpù ẹ̀gbọ́n yín?

Àdùkẹ́: Ọjọ́ 22 oṣù kẹta. AS ni ẹ̀gbọ́n mi, bíi tèmi.

Akin Láàbù: S tí wọ́n rí lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára lè wà níbẹ̀ tó bí 120 ọjọ́. Ọjọ́ 39 péré ló wà láàárín páìntì tó kẹ́yìn àti àyẹ̀wò yín. Electrophoresis ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò: iná á ya A àti S sọ́tọ̀ lórí bébà, wọ́n á fojú kà á. Bí ìlà S bá hàn, kódà kó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lè kọ AS. Wọn kò sì bi í bóyá ó gba ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó. Nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tí ẹbí bá fi sílẹ̀ lè jẹ́ àdípò, kí wọ́n fa ti ẹlòmíì sí aláìsàn lára. Káàdì poli náà sì lè jẹ́ irọ́. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, kó lọ ṣe HPLC, àyẹ̀wò tó ń wọn iye A àti S, ní ibi méjì, kí wọ́n kọ iye ìpín S síbẹ̀. AS tí ẹ̀jẹ̀ àjèjì kò sí lára rẹ̀, S rẹ̀ sábà ń wà láàárín ìdá 35 sí 40 nínú 100. Bí ẹ bá ṣe HPLC nísinsìnyí tí S kéré, ó lè jẹ́ àdàlù, kò sì lè sọ ti ta ni. Bí ẹ kò bá lè dúró, àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń nù láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kù. Ẹ má sáré lọ yẹ àwọn òbí rẹ̀ wò o. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ti tú ilé ká rí.

Bàbá Àlàó: Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run ò sùn!

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Bàbá, a ò tíì mọ èsì. Àdùkẹ́, bó bá tún jẹ́ AS, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ inú oyún wà láti bí ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lóyún ni kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe bí wọ́n bá ní SS ni. Ẹni méjì ló ń jókòó sọ ìyẹn. Ìwọ nìkan ti dájọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ni.

Ìyá Tóbi: Sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, aṣọ ò ní bà jẹ́. Àyànmọ́ kọ́ ló búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀. Ṣí i, kí o pè é lónìí.

Àdùkẹ́: Mo ti ṣí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo ti wọ ọ̀kadà, mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá tí ọmọ rẹ̀ fi ń rìn wà lára ògiri. Èsì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi.