Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi ti wà lórí búlọ́ọ̀kù láti ọdún 11 sẹ́yìn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ní Volkswagen ìjàpá kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò l'Ọ́jọ̀ọ́ lọ́nà Àgbádárìgì nígbà yẹn, mọ́tò yẹn ló ń gbé wa lọ síléèwé, òun náà ló gbé màámi lọ bí àbúrò mi. Àtìgbà tí bàbá ti kú ló ti wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tún un ṣe nílé, Sátidé Sátidé, torí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ máa yọ nǹkan inú ẹ̀ ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n kàn ra bátìrì, kí n da epo sí i, kí n sítáàtì ẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Mẹkáníìkì: Ọmọ mi, má sítáàtì ẹ o!! Ọdún 11 kì í ṣe ọjọ́ 11, ríìngì tó wà lára písítìnì lè ti lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà, tóo bá fi agbára bátìrì yí i, ó máa ha inú ẹ̀ ni. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì, kóo wá fi súpánà rọra yí i lọ́wọ́ níbi tí fánbẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀. Tó bá ti yí, ja ọ́ìlì àtijọ́ dànù, lítà méjì àtààbọ̀ péré ló ń gbà, kò ní filter, asẹ́ wáyà ló wà lábẹ́ ẹ̀, yọ ọ́ kóo fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ṣe tappet ẹ̀, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu fáàfù, sí 0.15 mm, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákun ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì epo. Ti ọkọ mi jóná lójú wa báyìí, hóòsì ti gbẹ, ó ń kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kó tó di pé a rí omi ó ti tán. Epo tó wà nínú tánkì yẹn náà ti bàjẹ́, ẹ dà á nù.

Ọmọ Gate: Ẹ tà á fáwọn onírin jàre, páàtì ò sí mọ́.

Bàbá Mẹkáníìkì: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mexico ṣe ọkọ̀ yìí títí di 2003, páàtì ẹ̀ ṣì ń jáde. Yọ èyí tó bàjẹ́, mú un dání lọ sọ́jà páàtì ní Gate n'Íbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, kí wọ́n fojú rí i, má kàn fẹnu ṣàlàyé.

Panel Beater Mókọ́lá: Gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, abẹ́ ẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì ti máa ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fi filler, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí i, má gbà o, kí wọ́n gé e kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Kóo sì wo inú ilé fáànù, eku fẹ́ràn láti máa tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ yìí ò ní omi, atẹ́gùn ló fi ń tutù, tí ibẹ̀ bá dí ẹ́ńjìnnì á kú. Àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká, má fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìdá a padà, àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti máa jù wọ́n nù, ó sì máa ń dùn mí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò yí rárá, mo tún kán ọ́ìlì sí i. Lónìí ó yí! Màámi gbọ́ ariwo mi, wọ́n jáde wá, wọ́n kàn dúró, wọ́n gbọ́wọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà. Ìtẹ́ eku tí mo kó jáde kún báàgì náílọ́ọ̀nù kan. Abẹ́ ìjókòó ti lu, mò ń rí ilẹ̀. Wẹ́lídà ń bọ̀ ní Sátidé, kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀?

Panel Beater Mókọ́lá: Yọ bátìrì, yọ tánkì epo náà, gbé e jìnnà sí ibẹ̀, kóo pọn omi àti yanrìn sítòsí. Kó tó tanná, ya fọ́tò ihò yẹn fún wa.