Ẹ bá mi túmọ̀ èdè àwọn oníkámẹ́rà, Sátidé ni iṣẹ́ mi

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Kubwa:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní Abuja, Jos, Kaduna, títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti sọdá sókè òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan tó máa ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n pè mí pé kí n wá ran àwọn lọ́wọ́ ní Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan ní Wuse. Ìjíròrò lórí pèpéle ni, kámẹ́rà mẹ́ta, ojú ẹsẹ̀ ló ń lọ sórí afẹ́fẹ́. A ṣèpàdé lánàá, mo kàn ń mi orí bí alángbá ni. Wọ́n ní "ohun tí FM bá wí ni kí o ṣe", mo rò pé ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá line. Wọ́n tún ní tally kámẹ́rà kejì ti kú, ni gbogbo wọn bá fajú ro bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ẹnu ta ni kí n máa wò? Kí ni kí n mú dání?

Bàbá Kámẹ́rà, Jos:
Ọmọ mi, ta ni yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹlifíṣọ̀n ti NTA tó wà ní Jos níbí, wọ́n ní kí n lọ ti dolly wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọláńgidi káàkiri. Àṣé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ni.

FM tìrẹ, floor manager ni. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá. Pírodúsà ló ni ètò: òun ló wá owó, òun ló pe àlejò, òun ni wọ́n máa dì mú bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́. Dírẹ́kítọ̀ ló ni àwòrán. O lè má fojú kan dírẹ́kítọ̀ rárá ní Sátidé, torí inú yàrá kékeré kan ló máa wà, tí àwòrán kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan tò síwájú rẹ̀, tí yóò máa ké "stand by two, take two". Ẹni tó jókòó tì í, tó ń tẹ bọ́tìnì tí àwòrán kámẹ́rà kejì fi ń jáde, òun ni vision mixer. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ náà, vision mixer ni wọ́n ń pe òun náà. Má bi mí léèrè ìdí.

Dírẹ́kítọ̀ ò lè sáré wá sórí pèpéle, nítorí náà floor manager ni ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ohùn dírẹ́kítọ̀ ń wọ̀ ọ́ létí nínú headset, òun a sì fi ọwọ́ sọ ọ́ fún atọ́kùn. Ìka márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, yóò fi ẹnu kà á. Méjì àti ẹyọ kan, ìka nìkan, ẹnu pa, torí máíkì lè ti ṣí. Tó bá ń fi ìka kan yí afẹ́fẹ́ po, kí atọ́kùn máa ká ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ni. Tó bá ń ṣe ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń na rọ́bà, kí ó fa ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ sí i, àlejò tó kàn ò tíì dé nìyẹn.

Tally ni iná pupa kékeré orí kámẹ́rà. Èyí tí tirẹ̀ bá tàn ló wà lórí afẹ́fẹ́. Bó bá kú, atọ́kùn ò ní mọ ibi tí yóò kọjú sí, oníkámẹ́rà náà lè rò pé wọn ò lo tòun lọ́wọ́, kí ó máa yí lẹ́ńsì kiri lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà wọ́n. Mo fẹ́ kí o bá floor manager sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́: bí wọ́n bá lè fún ọ ní headset, ìwọ ni kí o di tally. Dúró ti kámẹ́rà kejì. Bí o bá gbọ́ "take two", gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì. Bí wọ́n bá bọ́ sórí òmíràn, sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ku line. Wo àwọn bàbá méjì tó ń ta ayò. Ṣe bí ẹni pé okùn kan wà láti iwájú orí ti àkọ́kọ́ dé ti èkejì. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo okùn yẹn ni gbogbo kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀kan bá fò ó, àwọn bàbá méjèèjì a máa kọjú sí apá kan náà nínú àwòrán, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ìwọ náà, ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kí o máa gbà kọjá, kódà kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́.

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Ẹ ṣé o, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníkámẹ́rà kì í rántí pé èèyàn ní etí. Àwòrán tó ṣú díẹ̀, àwọn òǹwòran á fara dà á. Ohùn tó bá ń ya, wọ́n ti yí i síbòmíràn.

Àbúrò mi, ìwọ tí o jẹ́ obìnrin ni wọ́n máa rán pé kí o lọ fi lapel, máíkì kékeré yẹn, há àlejò láyà. Wo aṣọ rẹ̀ ná. Má fi há agbádá. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkùnrin ń ká agbádá sí èjìká láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún? Gbogbo rẹ̀ ló máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ewé gbígbẹ. Bùbá abẹ́ rẹ̀ ni kí o há a mọ́, kí o fi tépù díẹ̀ di wáyà rẹ̀ mú nínú. Tọrọ àyè kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ Alhaja tó fi híjáàbù bora, fún un ní wáyà kó fúnra rẹ̀ tì í bọ abẹ́, kí ìwọ kàn gbà á lókè.

Kí o wo ọrùn pẹ̀lú. Lọ́dún kan mo fi máíkì há olóyè kan láyà, n ò bojú wo iyùn ọrùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti mi orí: kó, kó, kó. Ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Bí ètò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bátìrì tuntun ni. Má gba "ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wáyà ohùn tó ki, tí ẹnu rẹ̀ ní irin mẹ́ta, XLR ni. Irin kan jẹ́ ti ilẹ̀, ìyẹn earth, méjì yòókù ń gbé ohùn kan náà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan dojú kọ ìhín, èkejì dojú kọ ọ̀hún, ìyẹn ni ariwo tó bá kó sí i lọ́nà fi máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tó bá dé òpin. Síbẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Máíkì kan wà tó ń jẹ iná, 48 volts ni mixer ohùn ń fún un. Èyí tí olórin ń dì lọ́wọ́ kì í sábà nílò rẹ̀.

Oníná, Kaduna:
Wọ́n ti sọ tiwọn, ó ku tèmi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe fáàrí ìlú mi ná: Ìbàdàn ló ní tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1959, Kaduna gba tirẹ̀ ní 1962. A ò gbẹ́yìn.

Iná mànàmáná wa ń yí po ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wa fi ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwọn oníkámẹ́rà sì máa ń fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹnì kan bá gbé kámẹ́rà tó rà ní Amẹ́ríkà wá, tó fi í sílẹ̀ lórí 30 àti 1/60, iná gbọ̀ngàn a máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Ojú lásán ò ní rí i, ìgbà tí wọ́n bá délé ni igbe máa ta. Mo mọ ìyàwó kan tí fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ń ṣẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní àwọ̀. Ti gílóòbù sítúdíò àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 3,200 Kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ó pọ́n. Ti ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5,600, ó fẹ́ dà bí aró. Àwọn gbọ̀ngàn Abuja wọ̀nyí fẹ́ràn fèrèsé gíláàsì gàgàrà. Bí méjèèjì bá pàdé lójú àlejò, apá kan á dà bí epo pupa, apá kejì bí ẹni tí òtútù pa. Ní kí wọ́n fa kọ́tíìnì. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wo ìwé funfun kan náà lábẹ́ iná kan náà, òun ni white balance. Ìwọ ni wọ́n máa ní kí o di ìwé yẹn mú. Orí àga tí àlejò máa jókòó sí ni kí o ti dì í, kì í ṣe ibi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Key ni iná tó lágbára jù lójú èèyàn, fill ń bá a pa òjìji rẹ̀, back ń ti ẹ̀yìn wá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń bá wọn jà sí, torí fìlà dúdú, orí dúdú, kọ́tíìnì dúdú: láìsí iná ẹ̀yìn, eyín nìkan lẹ máa rí. Bí wọ́n bá fẹ́ fò drone lóde, béèrè ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn lórí ààbò. Abuja nìyẹn o, wọn kì í fi ṣeré.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester:
Mo gbé Gwarinpa rí kí n tó kọjá síbí. Yàrá dírẹ́kítọ̀ yẹn, gallery là ń pè é níbí, ṣùgbọ́n control room ni wàá máa gbọ́ lọ́dọ̀ yín. Ní Amẹ́ríkà, technical director ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ rẹ̀ ni switcher. Olórí àwọn oníná ni gaffer. Igbákejì rẹ̀ ni best boy, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà. Ìwọ, runner, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́, ni wọn ì bá pè ọ́. Runner lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, tíì ni mo ń pín.

Wọ aṣọ dúdú, bàtà tí kì í dún. Mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, báírò àti omi. Gba call sheet lọ́wọ́ wọn, òun ló ní aago, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà gbogbo èèyàn. Tí ètò bá parí, má fi ìgúnpá ká wáyà bí okùn ìfami. Ká òbìrí kan bó ṣe yẹ, èyí tó tẹ̀ lé e, yí ọwọ́ rẹ̀ sódì kí ẹnu rẹ̀ gba abẹ́. Bó o bá dì í mú lẹ́nu tó o jù ú, á na gbọọrọ láìlọ́. Wọ́n máa rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Kubwa, alẹ́ Àìkú:
Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni tally! Apá mi ṣì ń ro mí. Floor manager gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo fi máíkì há bùbá, kò sí ewé gbígbẹ kankan, Àǹtí mi.

Oníná, ẹ má bínú. Mo ní kí wọ́n fa kọ́tíìnì, wọ́n kọ̀, wọ́n ní fèrèsé yẹn dùn ún wò. Ó di aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, NEPA mú iná lọ. UPS gbé kámẹ́rà dúró, ṣùgbọ́n gbogbo iná orí pèpéle ló kú. Ohùn dírẹ́kítọ̀ wá sí mi létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "stay on two, stay on two". Kámẹ́rà kejì nìkan ló ń rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gbé ọwọ́ sókè, atọ́kùn ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ lọ títí jẹnẹrétọ̀ fi dáhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Wàhálà kan ló kù. Tépù páálí ni wọ́n fi lẹ wáyà mọ́ ilẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí táìsì títí di báyìí, àwọn onígbọ̀ngàn sì ti di owó ìdógò mú.

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n tó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Gaffer tape ni kí wọ́n rà nígbà mìíràn, èyí tó dà bí aṣọ, tí ojú rẹ̀ kì í dán. Bí ọlọ́jà bá fún wọn ní duct tape aláwọ̀ fàdákà, kí wọ́n dá a padà, òun náà ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Bàbá Kámẹ́rà, Jos:
Wáyà ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Kubwa:
Mẹ́rìndínlógún ni mo ká, sà. Ọ̀kan lọ́, mo tú u, mo tún un ká.