Iná táyà tó ń tàn tí òtútù bá mú

Ìyá Ìbejì, Chicago: Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo ṣe sítáàtì mọ́tò láàárọ̀ yìí ni iná yẹ́lò kan tàn, èyí tó ní àmì ìyanu láàárín. Mo sọ̀kalẹ̀ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ìṣó, kò sí ibi tó ya. Kí n tó débi iṣẹ́ iná ti kú fúnra ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ pààrọ̀ gbogbo táyà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Owó ọwọ́ mi ò tó o.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Winnipeg: Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ má tíì náwó kankan jàre, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òtútù lásán ni. Atẹ́gùn inú táyà kì í dúró lójú kan, èérún ẹ̀ tójú ò lè rí ló ń sáré kiri tí wọ́n ń forí gbá rọ́bà láti inú, gbígbá yẹn gan-an ni pressure tí gẹ́jì ń kà. Tó bá gbóná wọ́n á máa sáré burúkú, wọ́n á máa gbá rọ́bà léraléra, gbígbá náà á sì le. Tó bá tutù eré wọn á dínkù, pressure á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkankan nínú wọn ò jáde. Ìdí tí iná fi kú lọ́nà nìyẹn, táyà tó ń yí lórí títì ti gbóná, atẹ́gùn inú ẹ̀ náà ti gbóná.

Ẹ wò ó báyìí: táyà tí ẹ fún ní 32 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn pressure) nígbà tó wà ní 25°C, tó bá di -20°C gẹ́jì á ka bíi 25. Ẹ wá fi díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo táyà máa ń jò lóṣooṣù kún un. Iná yẹn sì gbọ́dọ̀ tàn tí pressure bá fi ìdá mẹ́rin kan dín sí iye tó yẹ, ìyẹn 24 fún táyà 32.

Iye tó yẹ wà lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ síbi ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má tẹ̀lé èyí tí wọ́n kọ sára táyà o, ibi tí táyà lè gbà dé nìyẹn. Àárọ̀ kí ẹ tó wa mọ́tò ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Èkìtì, Houston: Bọ̀dá mi, ooru ni tiwa níbí. Tí mo bá wakọ̀ jìnnà gẹ́jì á ti ka 37 dípò 33, ṣé kí n tú díẹ̀ dànù?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Winnipeg: Rárá o! Wọ́n ti mọ̀ pé táyà máa gbóná kí wọ́n tó kọ 33 yẹn. Tí ẹ bá tú u báyìí, tó bá tutù tán á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo agolo spray kúrò nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ìyẹn ò ní rọ́bà tó lè fẹ̀, ó lè bú gbàmù.

Ìyá Ìbejì, Chicago: Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí sítíkà náà. 33 ni iwájú, 35 ni ẹ̀yìn, ṣé bó ṣe yàtọ̀ yẹn ni kí n ṣe é?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Winnipeg: Bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́ ni ma. Tí òtútù bá lọ tán kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ o, torí ó máa ti ga nígbà yẹn, ẹ ó wá tú èyí tó lé dànù.